Ibi Tí Ìbídùn Wà

“Ẹ má jẹ́ kí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Omi mọ̀ o.”

Ohun tí obìnrin náà kọ́kọ́ sọ nìyẹn, kó tó sọ pé ejò ti bu òun ṣán.

Arínọlá Fátúnlà sún mọ́ dígí tó wà níwájú rẹ̀, èyí tó ń fi àwòrán ìlú hàn án. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ìpè ní Ilé Ìpè ìlú Àgéré, etí rẹ̀ sì ti gbọ́ oríṣiríṣi: ẹni tí iná ká mọ́lé, ẹni tí ọmọ rẹ̀ já sódò, àgbàlagbà tí kò sí ohun tó ń ṣe é ju pé kó ṣáà gbọ́ ohùn ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n kò tíì bá ẹni pàdé tí ikú ń lé bọ̀, tó wá jẹ́ pé olùgbàlà ló kọ́kọ́ ń sá fún.

“Mo ti gbọ́,” ló wí. “Arínọlá lorúkọ mi. Kí ni kí n máa pè yín?”

“Ìbídùn.”

“Ẹ ṣeun, Ìbídùn. Ibo lára ló ti bù yín ṣán?”

“Ẹsẹ̀ ni. Mo ń ká aṣọ lórí okùn kí òjò tó dé. Omi ti kún dé orí àtẹ̀gùn, òun ló gbé e wá. Mi ò tètè rí i.” Èémí rẹ̀ ń já. “Dúdú ni. Nígbà tó nàró, ọrùn rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀.”

Sèbé ni. Arínọlá kò sọ ọ́ jáde. Oró sèbé kì í pariwo. Ojú ni yóò kọ́kọ́ wúwo, ahọ́n á tẹ̀lé e, àyà á wá gbẹ̀yìn.

“Ẹ jókòó, kí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ má rìn káàkiri. Ẹ má fi abẹ kàn án, ẹ má sì fi okùn so ó. Ta ló wà pẹ̀lú yín?”

“Kò sẹ́nì kankan. Wọ́n kéde ìjì láàárọ̀, gbogbo àdúgbò ti kó lọ sí ibùdó ààbò.”

“Kí ló dé tí ẹ ò bá wọn lọ?”

“Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Omi ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀.”

Lójú dígí, ilé Ìbídùn hàn ketekete, ilé pákó kan tó dúró lórí òpó gíga bíi gbogbo ilé Àgéré, ní ìsàlẹ̀ ilé ìlagi, níbi tí ọ̀nà omi ti fọ́ sí tóóró-tóóró. Arínọlá nìkan ló ń rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀ka aláìsàn, panápaná àti Ẹ̀ṣọ́ Omi ń rí lójú dígí tiwọn kò ju òbìrìkítí funfun kan lọ, tó bo odindi apá ìlà-oòrùn ìlú bí ọmọrí ṣe ń bo ìkòkò. Èdìdì ni wọ́n ń pè é, òun ló ń fi ibi tí olùpè wà pamọ́ títí olùpè fi máa gbà kí wọ́n rí i.

“Ṣé kí n ṣí èdìdì fún ẹ̀ka aláìsàn?” ni Arínọlá béèrè.

“Mo gbà. Àwọn nìkan.”

Ẹ̀gbà ọwọ́ tí Ìbídùn fi ń pè gbọ́ ohùn ẹni tó ni ín. Iná aláwọ̀ aró kan tàn lórí òrùlé ilé náà lójú dígí, kò sì pẹ́ tí Nọ́ọ̀sì Jíbówú fi sọ̀rọ̀ wọlé láti èbúté ilé ìwòsàn, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú lọ́hùn-ún.

“Mo ti rí i, Àǹtí Arínọlá. Ṣùgbọ́n ìròyìn mi ò dáa. Atẹ́gùn yìí ti so gbogbo ẹyẹ irin wa mọ́lẹ̀, kò sí èyí tó lè fò. Ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ló kù. Abẹ́rẹ́ ejò wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìmí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a ní láti la ìlú já ká tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.”

“Ṣé ẹ máa bá a láàyè?”

“Bí ẹnì kan bá gbé e pàdé wa ní Ojú Odò Mẹ́ta, láàárín ọ̀nà, a máa bá a. Bó bá jẹ́ pé àwa la máa dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mi ò lè ṣèlérí.”

“Ẹ ṣáà máa bọ̀.”

Ọkọ̀ dúdú kan wà lójú dígí, ó sún mọ́ ilé Ìbídùn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹni tó wà nínú rẹ̀ bá ké, obìnrin náà á gbọ́. Ọkọ̀ Ẹ̀ṣọ́ Omi ni.

“Ìbídùn, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Kí ló wà láàárín ẹ̀yin àti àwọn Ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí?”

“Akíndùró ni olórí wọn lápá ibí. Ọkọ mi ni.” Ó mí kanlẹ̀. “Ó ti ṣẹ́ mi lápá rí. Ilé ẹjọ́ ní kó má sún mọ́ mi mọ́. Ilé kẹta tí mo sá wá rèé, ó wá mi rí ní méjì àkọ́kọ́. Ìgbà tó rí mi kẹ́yìn, ó fún mi lọ́rùn mọ́ ògiri, ó ní bí òun bá tún fẹsẹ̀ wá mi, òkú mi ni wọ́n máa gbé. Ẹ̀gbọ́n mi, dípò kó jẹ́ òun ló máa gbé mi, ẹ jẹ́ kí ejò yìí parí iṣẹ́ rẹ̀.”

“Ejò ò ní parí iṣẹ́ kankan,” ni Arínọlá wí. Ó gbọ́ bí ohùn ara rẹ̀ ṣe le, ó sì fà á wálẹ̀. “Àbúrò mi, gbọ́ mi. Máa bá mi sọ̀rọ̀. Má jẹ́ kí oorun gbé ọ lọ.”

Ọ̀gá Sówándé, alábòójútó Ilé Ìpè, ti dúró sẹ́yìn àga rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ìdí iṣẹ́ yìí ni irun rẹ̀ ti funfun.

“Arínọlá, kí lò ń dúró dè? Ọkọ̀ Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́sẹ̀ ilé rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Tú èdìdì.”

Arínọlá pa ohùn ara rẹ̀ kí Ìbídùn má baà gbọ́. “Ó ní kí n má tú u, sà.”

“Oró ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.”

“Kì í ṣe oró. Ọkọ rẹ̀ tí ilé ẹjọ́ lé kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń darí ọkọ̀ yẹn. Ó ní òun máa pa á. Ṣé ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀ ná?”

“Ta ni màá sọ fún? Òun gan-an ni ọ̀gá tí à ń pè lápá ibẹ̀. Kí n tó rí ẹni tó jù ú lọ, kí onítọ̀hún tó ní kí n mú ìwé ẹjọ́ wá, obìnrin yìí á ti lọ.” Ó fa àga kan, kò sì jókòó sórí rẹ̀. “Mo ti wà níbi tí o wà yìí rí. Ọkùnrin kan bẹ̀ mí pé kí n má fi ibi tóun wà han ẹnikẹ́ni. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Etí mi báyìí ló kú sí. Ẹni tó bá ti kú ò ní àṣírí kankan mọ́, Arínọlá.”

“Ẹni tí a bá yọ lọ́wọ́ ejò, tí a wá fà lé apani lọ́wọ́ ńkọ́, sà? Kí ni ká pe ìyẹn?”

Sówándé na ìka sí ẹ̀gbẹ́ dígí, níbi tí èémí Ìbídùn ti ń rú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí omi etí bèbè. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n fa ilà pupa kan gbọọrọ.

“Bí èémí yẹn bá wọ abẹ́ ààlà pupa, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló máa tú èdìdì, fún gbogbo ẹ̀ka lẹ́ẹ̀kan náà. O ò lè dá a dúró, èmi náà ò lè dá a dúró. O tú u o, o ò tú u o, wọ́n máa rí i. Jẹ́ kí wọ́n rí i nígbà tó ṣì lè mí.”

Òótọ́ ló sọ. Àánú ló mú kí àwọn tó ṣòfin èdìdì fa ilà yẹn, nítorí pé ẹni tó ti dákú kò lè sọ pé òun gbà. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé ẹnì kan lè ti sọ pé òun ò gbà kó tó dákú.

Ohùn mìíràn wọlé, ó tutù, ó sì dùn létí.

“Ilé Ìpè, Ẹ̀ṣọ́ Omi apá Ìlà-Oòrùn rèé. Ẹ kú iṣẹ́ o, màdáàmù. Mo rí òbìrìkítí yín lọ́dọ̀ wa. Ẹ́ńjìnnì ti gbóná, àwọn ọmọ wa ti wà ní sẹpẹ́. Ibo ni ká forí lé?”

Irú ohùn ọkùnrin tí í gbé arúgbó kọ́ ẹ̀yìn la omi kọjá ni. Ohun tó ba Arínọlá lẹ́rù nínú ohùn Akíndùró nìyẹn.

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Èdìdì ṣì wà lórí rẹ̀.”

“Mo rí i. Mo tún rí i pé olùpè dìídì dárúkọ àwa Ẹ̀ṣọ́, ó ní ká má rí òun.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Irú èèyàn wo ló máa wà lẹ́nu ikú, tó máa ní kí Ẹ̀ṣọ́ má wá?”

“Ìyẹn ò sí lára ohun tí mo lè sọ.”

“Obìnrin ni, àbí?”

“Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá.”

Ó pa ìlà náà. Ọkọ̀ dúdú tó wà lójú dígí kò dúró gba àṣẹ. Ó ṣí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ rìn láàárín àwọn òpó ilé, ó ń yà lọ́tùn-ún, ó ń yà lósì, inú òbìrìkítí funfun náà nìkan.

“Ó ti fura,” ni Arínọlá wí.

“Tú u fún panápaná,” ni Sówándé sọ. “Wọ́n wà ní ilé ìlagi, wọn ò jìnnà.” Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọnrí. “Rárá. Láti ìgbà tí ìjọba ti da panápaná àti Ẹ̀ṣọ́ pọ̀ sójú dígí kan, ohun tí ọ̀kan bá rí, èkejì ti rí i nìyẹn.”

“Mi ò ní fún panápaná, sà. Mọ́níṣọ́lá ni Ìbídùn máa fún ní ibi tó wà.”

Mọ́níṣọ́lá Ọ̀ṣúntóyè ni ọ̀gá panápaná tó wà ní ilé ìlagi. Òun àti Arínọlá jọ dàgbà ní ẹsẹ̀ afárá kan náà ni. Arínọlá kò pè é lórí ìlà iṣẹ́. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló pè.

“Mọ́níṣọ́lá, bọ́ báàjì rẹ.”

“Kí ni mo ṣe?” Atẹ́gùn ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń ya aṣọ.

“O ò ṣe nǹkan kan. Mo ní olùpè kan tí kò lè fi ibi tó wà han ẹ̀ka kankan nítòsí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó wà, tirẹ̀ ni, ó lè fún ẹni tó wù ú. Ẹni náà kò ṣáà gbọdọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́.”

“Tí mo bá bọ́ báàjì nínú ìjì, wọ́n á ní mo sá lẹ́nu iṣẹ́.”

“Wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀.”

“Tí mo bá sì gbé ọkọ̀ panápaná láìní báàjì, olè ni mí.”

“Má gbé e. Kí ló tún wà níbẹ̀?”

Ó dà bíi pé Mọ́níṣọ́lá ń wo ojú omi. “Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wọ́ gẹdú wà níbí. Ó ń rìn bí àgbà tí orúnkún ń dùn, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Kí ló ṣe ẹni náà?”

“Sèbé bù ú ṣán. Ọkọ rẹ̀ sì ń wá a. Akíndùró ni.”

Arínọlá gbọ́ ìró irin kékeré kan tó balẹ̀ lórí pákó.

“Mo ti bọ́ ọ,” ni Mọ́níṣọ́lá wí. “Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ kíá.”

Arínọlá padà sọ́dọ̀ Ìbídùn. Ohùn rẹ̀ ti ń wúwo, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

“Àbúrò mi, obìnrin kan fẹ́ wá gbé ọ. Ọ̀rẹ́ mi ni, kì í ṣe Ẹ̀ṣọ́. Wàá pe orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbà rẹ, wàá ní òun nìkan lo fún.”

“Ṣé ẹ... mọ̀ ọ́n?”

“Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ara mi. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ni ọ̀rọ̀. Bí o bá ní rárá, màá wá ọ̀nà mìíràn.”

Kò sí ọ̀nà mìíràn, ó sì mọ̀. Síbẹ̀ ó ní láti sọ ọ́, nítorí bí obìnrin náà kò bá lè kọ̀, a kò lè sọ pé ó gbà.

“Kí lorúkọ rẹ̀?” ni Ìbídùn béèrè.

Ó gbìyànjú rẹ̀. Ẹ̀gbà náà dún pé ohùn kò yé òun. Ó tún un sọ, àwọn ọ̀rọ̀ náà lẹ̀ mọ́ra wọn lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀kọ tó ti sùn. Ẹ̀gbà tún kọ̀ ọ́. Sówándé bojú wo ibòmíràn.

“Má fi ohùn wẹ́lẹ́ sọ ọ́,” ni Arínọlá wí. “Pè é bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣeré lọ́ọ̀ọ́kán, tí òjò sì ti ṣú. Pè é!”

Ìbídùn fa èémí kan tó dún dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì ké e: “Mo fún Mọ́níṣọ́lá Ọ̀ṣúntóyè! Òun nìkan!”

Ẹ̀gbà gbà á. Kò sí ohun tó yí padà lójú dígí kankan nínú ìlú. Ọwọ́ Mọ́níṣọ́lá nìkan ni nǹkan ti tàn.

“Mo ti rí i,” ni Mọ́níṣọ́lá sọ, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ gẹdú sì húkọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. “Mò ń lọ.”

“Ojú Odò Mẹ́ta ni kó o gbé e lọ, Jíbówú máa bá ọ pàdé níbẹ̀. Òun ni kó o máa bá sọ̀rọ̀. Bó o bá ti dé ọ̀dọ̀ Ìbídùn, má pè mí.”

“Kí ló dé?”

“Má ṣáà pè mí.”

Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí Arínọlá lè ṣe ju kó máa bá Ìbídùn sọ̀rọ̀ lọ. Ó bi í ní ohun tó ń fi ọwọ́ ṣe jẹun. Ìbídùn ní aṣọ lòun ń rán, aṣọ omi fún àwọn tó ń kó ẹja. Ó bi í ní irú òwú tó fi ń rán an tí omi kì í fi í wọ̀ ọ́. Ìdáhùn ń pẹ́ kó tó dé, ó sì ń kúrú sí i. Nígbà tó yá, “hùn” nìkan ló kù.

Ohùn Akíndùró tún gba etí kejì Arínọlá, láti inú ẹ̀gbà Mọ́níṣọ́lá tó ṣì wà ní ṣíṣí. Kì í ṣe Ilé Ìpè ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń ké lórí omi.

“Ta nìyẹn? Ibo lò ń lọ nínú ìjì yìí?”

“Ilé ni mò ń lọ!” ni Mọ́níṣọ́lá ké padà.

“Mọ́níṣọ́lá? Báàjì rẹ dà?”

“Mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́! Ó ti rẹ̀ mí!”

Lójú dígí, ọkọ̀ dúdú dúró. Ọkọ̀ náà dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá yí imú, ó gba ọ̀nà àríwá lọ. Mọ́níṣọ́lá pa ìlà ẹ̀gbà rẹ̀.

“Arínọlá,” ni Sówándé pè é jẹ́ẹ́jẹ́. “Ààlà.”

Èémí Ìbídùn ti rẹlẹ̀ débi pé kò sí àlàfo púpọ̀ láàárín òun àti ilà pupa mọ́. Bí ó bá kàn án, dígí Akíndùró á mọ́lẹ̀ rekete, ilé pákó náà á sì dúró níwájú rẹ̀ láìní ìbòjú. Ọkọ̀ rẹ̀ yá ju ọkọ̀ gẹdú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tó ń pa èdìdì rẹ́ láìtú u. Nígbà tí ìpè bá parí, ibi tí olùpè wà á parẹ́ lójú gbogbo dígí, títí kan ti ẹni tó gbé ìpè, ẹ̀rọ kò sì ní gbọ́ èémí rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá Ilé Ìpè sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ìpè ẹni tó ń kú lọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé náà.

Arínọlá tẹ̀ síwájú sí dígí bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí ènìyàn létí.

“Ìbídùn, mo fẹ́ pa ìpè yìí. Bí mo bá pa á, mi ò ní gbọ́ ọ mọ́, mi ò sì ní mọ ibi tí o wà mọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n àfi obìnrin tó ń bọ̀. Mi ò já ọ sílẹ̀ o. Ṣé o gbọ́ mi?”

Ariwo òjò nìkan ló ń wá. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi: “Ẹ pa á.”

“Bí o bá tẹ ibẹ̀ yẹn,” ni Sówándé sọ, “mi ò ní lè gbà ọ́ lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ Àṣírí tó ń dá ẹjọ́ àwa tó ń gbé ìpè.”

“Mo mọ̀, sà.”

Ó tẹ̀ ẹ́.

Òbìrìkítí funfun náà lọ. Iná aláwọ̀ aró lọ. Ilé pákó náà wọ inú àìmọye òrùlé tó wà lápá ìlà-oòrùn, bí ẹni tó wọ àárín èrò. Arínọlá wo ibi tó rò pé ó wà, ojú rẹ̀ kò sì dá a mọ̀ mọ́. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn.

Àwọn méjèèjì ń wo ọkọ̀ dúdú náà. Ó sáré dé àríwá, ó sáré padà, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó ṣe, ó dúró lójú kan. Lẹ́yìn náà ló kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń bọ̀ tààrà.

“Ó ń bọ̀ níbí,” ni Sówándé wí.

Akíndùró kò kan ilẹ̀kùn. Ó wọlé pẹ̀lú bàtà omi lẹ́sẹ̀, òjò ń kán lára aṣọ rẹ̀. Ọkùnrin tó dára lójú ni. Ó kí gbogbo àwọn tó wà nídìí dígí, ó kí wọn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

“Ta ni Arínọlá nínú yín?”

“Èmi ni.”

“Màdáàmù, òbìrìkítí kan wà lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án yìí, ó sì parẹ́. Èdìdì kì í parẹ́ lórí ẹni tó ń kú lọ. Ẹ̀yin lẹ pa á.”

“Èmi ni.”

“Ìyàwó mi ni.” Kò béèrè. “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a. Oorun kì í kùn mí. Bí ara rẹ̀ ò bá yá, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ àtimọ ibi tó wà jù mí lọ.”

“Mi ò mọ ibi tí olùpè yẹn wà.”

“Irọ́ lẹ̀ ń pa.”

Arínọlá di dígí rẹ̀ mú, ó yí i kọjú sí i. Omi ló wà níbẹ̀, àti òrùlé. Akíndùró wò ó títí, ojú rẹ̀ ń lọ láti òrùlé kan sí òmíràn.

Ìgbà náà ni ìpè dún létí Arínọlá. Jíbówú ni, ó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́.

“Àǹtí Arínọlá, a ti gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín. Abẹ́rẹ́ ti wọ ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí báyìí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa. Ó máa yè é. Ibi tí a ń gbé e lọ báyìí ni—”

“Má sọ ọ́ fún mi,” ni Arínọlá wí. “O ṣeun gan-an.”

Ojú Akíndùró ti kúrò lára dígí, ó ti wà lára rẹ̀. “Ta nìyẹn?”

“Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.”

Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Arínọlá dìde kí ó tó gbé èkejì, ó sì dúró síbi tó wà. Kò ga tó èjìká ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n kò sún. Ó rò ó pé bó bá fẹ́ lu òun, kó lù ú níbí, níbi tí iná ti tàn, tí ojú pọ̀.

Sówándé ló wá sáàárín wọn.

“Ọ̀gá Ẹ̀ṣọ́,” ló wí, ohùn rẹ̀ kò yí padà, “ilé ẹjọ́ ní kí ẹ má sún mọ́ obìnrin yẹn mọ́. Ẹ sì ti dúró níbí, ẹ ti fẹnu ara yín sọ pé ẹ̀ ń wá a. Gbogbo ohun tí a bá sọ nínú yàrá yìí ni ẹ̀rọ ń gbà sílẹ̀.”

Akíndùró wo òkè àjà, ó wo àwọn tó wà nídìí dígí. Wọ́n ti dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu òjò kúrò lójú, ẹ̀rín tó fi wọlé kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ó jáde, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Sówándé lọ tì í. Nígbà tó padà, ó jókòó wàyí, ó jókòó bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀.

“Màá fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ránṣẹ́ sí ilé ẹjọ́ kí n tó kúrò níbí,” ló wí. “Ṣùgbọ́n màá fi tìrẹ náà ránṣẹ́ sí Ìgbìmọ̀. Mi ò lè bò ó.”

“Ẹ má bò ó, sà. Mo fẹ́ kí wọ́n pè mí.”

“Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ.”

“Kí wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ gbọ́ ìdí tó fi jẹ́ pé kí n tó lè gba èèyàn là, àfi kí n jù ú sílẹ̀. Wọ́n máa ya dígí Ẹ̀ṣọ́ kúrò lára ti panápaná. Wọ́n sì máa tún ààlà pupa yẹn ṣe, kó lè máa rántí ohun tí olùpè sọ nígbà tó ṣì lè sọ̀rọ̀. Bí wọn ò bá gbọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ kan, màá padà lọ lọ́jọ́ kejì.”

“Èmi ńkọ́? Èmi tí mo ní kí o tú u?”

“Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, sà. Ẹ tún sọ ti ọkùnrin tó kú sí yín létí. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ méjèèjì pọ̀.”

Sówándé mi orí bí ẹni tó gbà, ó sì pẹ́ kó tó dá a dúró.

Òjò ti ń dá nígbà tí ọkọ̀ gẹdú húkọ́ wọ èbúté Ilé Ìpè. Arínọlá jáde lọ pàdé rẹ̀. Mọ́níṣọ́lá ti tutù dé egungun, ẹrẹ̀ dé e ní orúnkún, kò sì sí nǹkan kan ní àyà aṣọ rẹ̀ níbi tí báàjì máa ń wà. Arínọlá fún un lọ́wọ́, ó fà á gun orí pákó, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

“O ò ní bi mí ní ibi tí wọ́n gbé e lọ?” ni Mọ́níṣọ́lá béèrè.

“Rárá.”

“Ó dáa,” ni Mọ́níṣọ́lá wí. “Torí mi ò ní sọ fún ọ.”

Wọ́n jọ wọlé tọ Sówándé lọ, láti lọ sọ ohun tí wọ́n ṣe, kó lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún Ìgbìmọ̀.